Ìbàdí Bàbá Ínṣì

Ọkọ mi kì í jókòó bí kò bá sí máṣíìnì níwájú rẹ̀. Ẹ gbé àga fún un nílé onílé, yóò dúpẹ́, yóò fọwọ́ kan àga náà, yóò sì dúró tì í. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ṣì ń ránṣọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ fún un pé, "Ẹ fara balẹ̀," ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń dá mi lóhùn pé òun máa fara balẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá kú.

Télọ̀ ni. Ṣòkòtò ọkùnrin nìkan ló ń rán. Bàbá Ínṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bí ìdajì ínṣì bá yẹ̀ lára aṣọ, yóò tú u palẹ̀ ni, ì báà jẹ́ pé oníṣòkòtò ti gbà á, tó ti dúpẹ́, tó ti fẹ́ máa lọ. Èmi ni mo ń ká etí ṣòkòtò, èmi ni mo ń kan bọ́tìnì, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Ìyá Bọ́tìnì. Ṣọ́ọ̀bù wa kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ: máṣíìnì méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí gígùn kan tó ti sán nísàlẹ̀, àti àga kan fún oníbàárà. Àwọn ọmọ wa ti ní ilé tiwọn. Àwa méjèèjì la kù tí à ń bá ara wa jà.

Òwú ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú kò wọlé. Ó fi itọ́ sí i, ó fi ìka yí i, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kò wọlé. Ló bá bínú sí àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́.

"Olè ni wọ́n! Wọ́n ti ń dín ojú abẹ́rẹ́ kù!"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo dá a padà fún un. Kò dúpẹ́. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo ti ń rí i láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé ó ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, tó sì ń lọ ilé ìtọ̀ ṣáá.

Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn kò ju àkọ́bí wa lọ. Ó gún un níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì wọn ìbàdí rẹ̀. Ínṣì mẹ́rìnlélógójì.

"Bàbá, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó sì ti ń dé ojú yín."

Ó ní òun máa fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò tó. Kó jáwọ́ nínú ṣúgà, kó dín búrẹ́dì kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́, kó máa rìn, kó máa fi eré ìdárayá mú ara rẹ̀ le, kí ìbàdí náà sì wá sí ogójì kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ó dá ọjọ́ fún wa. Ó tún ní bí ojú náà bá tún ń ṣú sí i, kí a má dúró dọjọ́.

"Tí ìbàdí kò bá wá sílẹ̀ ńkọ́?" Ọkọ mi ti dìde lórí àga.

Ọmọbìnrin náà wò ó lójú. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?"

"Télọ̀ ni mí."

"Ẹ ò ní lè ṣe é mọ́ nìyẹn."

A padà sílé. Ìgbà tó yá ló ní, "Ṣé ọmọ yẹn máa ń bá ìyá tiẹ̀ náà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?" Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí ọkùnrin yìí kò bá ránṣọ mọ́, n kò mọ ohun tí yóò kù nínú rẹ̀ tí a ó máa pè ní ọkọ mi.

Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Nọ́ọ̀sì fún wa ní ìwé kan tí wọ́n to oúnjẹ sí: ápù, ọ́ọ̀tì, búrẹ́dì tí kò funfun, ẹja tí kò ní eegun, èso olóríṣiríṣi. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo ní ẹni tó kọ ìwé yìí kò mọ̀ wá rí. Ṣùgbọ́n mo ti bọ́ ọmọ mẹ́rin pẹ̀lú owó bọ́tìnì, ìwé lásán kò lè dẹ́rù bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́jà nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti fẹ́ palẹ̀ mọ́, tí ẹ̀fọ́ ti rọ, tí ìyá tó ń tà á náà ti rọ. Mo ní kí oníkábéèjì máa fi àwọn ewé ìta tó ń já dànù sílẹ̀ fún mi. Ó rò pé mò ń sin ehoro, n kò já a nírọ́. Ẹja ńlá kọjá agbára wa, ẹja kéékèèké tí à ń jẹ torí-tìrù kò kọjá. Ẹ̀wà nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀. Mo kó gbogbo àwo ńlá sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń fi àwo ọmọdé bu oúnjẹ fún un.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Èmi sè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fi ṣíbí tú kábéèjì náà wò, ó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù.

"Ìyá Bọ́tìnì, ibo lẹran wà?"

"Ó ti rìn lọ. Ẹ dìde, kẹ́yin náà máa rìn."

Ó sì rìn. Ibi tí a ti ń ra òwú àti síìpù jìnnà, ọkọ̀ la máa ń wọ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn ín lọ, rìn ín bọ̀, lójoojúmọ́, ì báà sí òwú tí a fẹ́ rà, ì báà má sí. Owó ọkọ̀ la fi ń ra ẹyin. Bó bá ń de okùn bàtà rẹ̀, yóò ní, "Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀," yóò fi ìka kan ojú rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì jáde kí n tó dá a lóhùn. Ẹni tí kò lè fara balẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá rí àyè.

Nínú ìwé nọ́ọ̀sì, wọ́n tún ya àwòrán ọkùnrin kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ àárín rọ́bà gígùn kan, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa etí rẹ̀ sókè. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀lù. Ọkọ mi lọ béèrè, ó sì yára jáde, ó ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń pè ní owó rọ́bà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí. Èmi aláṣejù, èmi ni mo nawọ́ sí ọrùn rẹ̀.

"Kí ni rọ́bà ọ̀hún ní tí téèpù yín kò ní?"

Téèpù náà ti lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́rùn rẹ̀. Ó ti rọ̀, òógùn ti jẹ́ kó dán, ó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ àárín rẹ̀, ó wé etí méjèèjì mọ́ ọwọ́, ó fà á. "Ó dáa!" ló wí. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, kó tó ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, yóò fa téèpù náà lógójì ìgbà, yóò nù ún, yóò tún fi kọ́ ọrùn, ó di ẹnu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi téèpù yìí kan náà wọn ìbàdí ara rẹ̀, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mẹ́rìnlélógójì. Mẹ́tàlélógójì àti ààbọ̀. Mẹ́tàlélógójì. Nígbà tó dé méjìlélógójì, ó pè mí láti ibi tí mo ti ń fọ ìkòkò, ó ní kí n wá fojú ara mi rí i. Mo rí i. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọṣẹ lọ́wọ́ mi, mo di mọ́ ọn, mo ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́.

Ó wá di oníwàásù. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí kò gbọ́ nípa kábéèjì. Bó bá ń wọn itan ènìyàn, yóò máa bi í léèrè ohun tó jẹ lánàá. Àmọ́ láàárín ìgbà náà ni ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe búrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ dé, ó ní bọ́tìnì kò pàdé ihò rẹ̀.

"Ẹ ti sanra ni," ni ọkọ mi wí.

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ínṣì?"

"Ẹ máa tà á, ẹ má máa jẹ ẹ́!"

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa ikùn, ó gbà pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni mẹ́ta mìíràn tún dé. Gbogbo wọn ló sanra. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń kan bọ́tìnì mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ayé ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ keje. Obìnrin kan gbé aṣọ fèrèsé wá kí n bá a ká etí rẹ̀. Ọkọ mi ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi òwú, ó gbé téèpù sílẹ̀ lórí máṣíìnì nítorí oòrùn mú. Mo fi téèpù náà wọn aṣọ, ó jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínlógójì géérégé. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ. Ọ̀pá onígi kan wà tí ọkọ mi kàn mọ́ etí tábìlì yìí láti ìgbà tí a ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ara ènìyàn ló ń fi téèpù wọ̀n, ọ̀pá yìí ló ń fi wọn aṣọ kó tó gé e. Ínṣì mẹ́rìndínlógójì lọ̀pá náà. Aṣọ fèrèsé gùn kọjá orí ọ̀pá.

Mo rò pé n kò tẹ́ ẹ dáadáa. Mo tún un tẹ́. Mo wá gbé téèpù fúnra rẹ̀, mo nà án sórí ọ̀pá. Ibi tí wọ́n kọ mẹ́rìndínlógójì sí lára téèpù fi ohun tó ń lọ bí ínṣì méjì kọjá orí ọ̀pá. Igi kì í fà. Téèpù ló ti fà. Lógójì ìgbà láràárọ̀, a ti fà á bí okùn kànga.

Mo dúró síbẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, mo tún un ṣírò. Ìbàdí tó kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé mọ́kànlélógójì, mẹ́tàlélógójì ni. Gbogbo kábéèjì yẹn, gbogbo ìrìn yẹn, gbogbo ẹ̀wà yẹn, ínṣì kan péré. Àwọn oníbàárà wa kò sanra, àwa là ń fún wọn nídìí.

Ó yẹ kí n sọ fún un bó ṣe wọlé. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó wọlé tòun ti òógùn àti ẹ̀rín, ó ní òun sáré gun òkè kékeré ẹ̀yìn ilé-ìwé láìdúró mí, ó gbé abẹ́rẹ́, òwú sì wọlé nígbà tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kejì péré! "O rí i bí?" ló wí. "Ojú mi ń padà bọ̀!" Mo pa ẹnu dé. Mo ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Mo ní bí mo bá sọ fún un, yóò ju bàtà náà sẹ́yìn, yóò ní òun kò rìn mọ́, yóò padà sídìí búrẹ́dì. Bó bá rò pé ó ń ṣe é, yóò máa ṣe é. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó dunnú bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìsinmi ti kúrò lára mi. Ìjókòó kò rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ń gbá ṣọ́ọ̀bù tí mo ti gbá. Mo ń kan bọ́tìnì, mo ń tú u. Bó bá fi téèpù yí ìbàdí oníbàárà ká, mo ń wo ibòmíràn. Mo pinnu lẹ́ẹ̀mejì láti ra téèpù tuntun, kí n fi rọ́pò èyí láìsọ̀rọ̀, mo sì rántí pé ìbàdí rẹ̀ yóò wú padà ní ínṣì méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yóò sì béèrè ìdí.

Ó dé ogójì. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ó ní òun máa rán ṣòkòtò tuntun fún ara òun láti fi wọ̀ lọ rí nọ́ọ̀sì, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ eérú tó ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́ ló gbé jáde. Ó fi ọ̀pá onígi wọ̀n ọ́n, ó gé e fún ìbàdí ogójì, ó rán an, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀ kí n kan bọ́tìnì. Ó sì jáde lọ rìn.

Kò lè wọ̀ ọ́. Mo kàn wò ó ni mo ti mọ̀. Télọ̀ gidi máa ń fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀yìn ìbàdí ṣòkòtò, nítorí ọ̀la. Mo tú ẹ̀yìn náà, mo fẹ̀ ẹ́ ní ínṣì méjì àti ààbọ̀, mo fi ọwọ́ rán an padà, mo lọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi, ẹnìkan tó ń kọjá lásán ni.

Ó wọ̀ ọ́, ó bá a mu wẹ́kú. Ó yí síwájú dígí, ó yí sẹ́yìn. Ó ní kí n sọ òtítọ́, ṣé òun kò dà bí ọmọ ogójì ọdún? Mo ní ó dà bí i. Kò dúró de ọjọ́ nọ́ọ̀sì mọ́, láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò rìn jìnnà. Ìgbà tí ó ti rò pé òun ti débi tí wọ́n ní kí òun dé, kí ló tún ń rìn fún? Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, kò jáde. Oòrùn mú lọ́jọ́ kejì, kò jáde. Ó gbé àwo ńlá kan sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Mo bá búrẹ́dì aládùn nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, lábẹ́ àwọn síìpù. Ó tún ń fi ṣúgà sí tíì, ó ní ẹni tó borí ogun a máa jẹ ìkógun.

"Ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀ lónìí," ni mo wí. "Èmi gan-an fẹ́ rìn."

"Ṣé o ń jowú ìbàdí mi ni?"

Omi tó ń mu tún ń pọ̀ sí i. Mo rí i. Mo ń ka ife tó ń gbé, mo ń dìde, mo ń jókòó, ọ̀rọ̀ náà ń dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo ń gbé e mì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ó padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì nígbà tí dẹ́rẹ́bà kan wọlé. Òun ló ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, oníbàárà wa tipẹ́tipẹ́. Ó tẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ sórí tábìlì.

"Bàbá Ínṣì, kò wọ̀ mí o."

"O ti sanra."

"N kò sanra, sà. Mẹ́rìndínlógójì ni mí láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó. Ẹ kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n síbí."

"Ta ló mọ ínṣì jù láàárín èmi àti ẹ? Ṣé èmi ni máa kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ kàn bá mi fẹ̀ ẹ́ ni."

"Dúró síbẹ̀. Màá ṣe é lójú ẹ báyìí!"

Ó já òwú, ó mú abẹ́rẹ́. Òwú kò wọlé. Ó fi itọ́ sí i. Kò wọlé. Ó sún mọ́ fèrèsé, ó gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó dijú kan, ó ṣí i, ó di ìkejì. Nígbà tó dijú òsì, tó fi ọ̀tún nìkan wò ó, ó fi òwú náà gún afẹ́fẹ́, abẹ́rẹ́ wà níhìn-ín, òwú wà lọ́hùn-ún. Ó tún un ṣe, lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹfà. Dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Ọkọ mi na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi láìwò mí, kò bú àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n padà wá lọ́la, sà," ni dẹ́rẹ́bà wí, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́.

N kò lè gbé e mì mọ́. Mo fa téèpù náà lọ́rùn rẹ̀. Mo nà án sórí ọ̀pá onígi, mo fi ìka rẹ̀ síbi tí mẹ́rìndínlógójì wà, mo wá wọ́ ìka náà padà sí orí ọ̀pá. Mo ní, "Ó ti fà. A ti fà á ju bó ṣe yẹ lọ. Dẹ́rẹ́bà kò sanra. Ìbàdí yín kò tíì dé ogójì."

Ó fi àtàǹpàkò wọn àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń retí kó pariwo. Ì bá wù mí kó pariwo.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Ọwọ́ rẹ̀ wá sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ìbàdí rẹ̀. "Ṣòkòtò yìí ńkọ́? Ogójì ni mo gé e. Ó sì bá mi mu."

"Èmi ni mo fẹ̀ ẹ́. Ẹ forí jì mí."

Ó bọ́ ọ síbẹ̀, láàárín ṣọ́ọ̀bù, lójú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ó ku ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ nídìí rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn ìbàdí náà síta, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ránṣọ, rírán mi a máa wọ́ sápá kan, kò sí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí kan náà ti dá mi dúró rí ní òdìkejì títì, ó nàka sí ṣòkòtò ẹni tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ó ní, "Rírán rẹ nìyẹn." Ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn ṣòkòtò náà títí. Níkẹyìn ó fi ojú sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ògiri nínú òkùnkùn.

"Òun rèé," ló wí. "N kò rí i."

Ó tún fi àtàǹpàkò tọ́ ọ.

"Ọjọ́ mọ́kànlá, Ìyá Bọ́tìnì. Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́, èmi ni mo ń bọ́ ọ, èmi ni mo ń fi kọ́ ìṣó. N kò rí i."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Bí ojú rẹ̀ bá ń ríran dáadáa ni, irọ́ mi kì bá pé wákàtí kan. Mo ti ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé kò fura nítorí pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú tí mo ń bẹ̀rù fún ni mo fi ń fi irọ́ mi pamọ́. Ìtìjú mú mi.

Ó wọ ṣòkòtò àtijọ́ rẹ̀, ó de okùn bàtà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ẹsẹ̀.

"Ti ilẹ̀kùn. À ń lọ sílé ìwòsàn."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án…"

"Ọmọ yẹn ní ká má dúró dọjọ́."

Ó ń rìn lọ níwájú, kò dúró dè mí. Mo ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ibi tí a ó ti sọdá títì, ó dúró, ó na ìgúnpá sẹ́yìn láìbojú wò mí. Mo dì í mú, a sọdá. A dé òdìkejì, ó gba ìgúnpá rẹ̀ padà.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó bojú jẹ́. Ó fi téèpù tiẹ̀ wọn ìbàdí rẹ̀: mẹ́tàlélógójì. Wọ́n mú wa lọ síyàrá kejì, dókítà kan tan iná tíntín sí ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ lórí ọ̀tún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ojú ọ̀tún náà, ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá ìyókù dúró bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n fi oògùn kejì kún ti àkọ́kọ́. Ó ní òsì ṣì dára, kó máa rìn, kó máa jẹ kábéèjì rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì wá, ó ń kọ ọjọ́ tuntun sínú káàdì. "Bàbá, ó dáa tí ẹ ò dúró dọjọ́ yẹn. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ lónìí?"

"Ìyàwó mi ló jẹ́ kí n mọ̀," ni ọkọ mi wí. "Òun náà ló sì fi pamọ́ fún mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka ọjọ́ tuntun náà sókè fún ọkọ mi, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an.